Pẹpẹ àti Kèrègbè: Ẹ̀kọ́ Ìṣàkóso Ìlú ní Bantè àti Savalou

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Òwe ìrànlọ́wọ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ka èyí sí: kí àgbà ran ọmọdé lọ́wọ́, kí ọmọdé náà ran àgbà lọ́wọ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tíì dé ìdí ọ̀rọ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ nítorí pé kò tíì gùn. Ọwọ́ àgbà kò wọ kèrègbè nítorí pé ó ti tóbi. Ìdàgbà tó gbé ọwọ́ àgbà dé òkè náà ló dí i lọ́nà ní ẹnu kèrègbè. Ẹni tó bá gbọ́ òwe náà dé ibẹ̀ kò ní í béèrè èwo ló sàn jù nínú ọwọ́ méjèèjì. Ibi tí a kó ẹrù sí ni yóò béèrè.

Ìbéèrè yẹn ló wà nídìí ẹ̀kọ́ ìṣàkóso ìlú àti ìṣàkóso àwọn àjọ tí kì í ṣiṣẹ́ fún èrè, ẹ̀kọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ń gba oyè máàsítà lé lórí lónìí láti Abomey-Calavi dé Ilé-Ifẹ̀. Ó hàn kedere ní àwọn kọmúnù, ìyẹn àwọn ìjọba ìbílẹ̀, bíi Bantè àti Savalou, ní ẹkùn Collines ní orílẹ̀-èdè Benin. Bantè ní arọ́ńdísímà, ìyẹn ẹ̀ka kọmúnù, mẹ́sàn-án, Atokoligbé sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Savalou ní mẹ́rìnlá. Ìkànìyàn ọdún 2013 bá ènìyàn tó lé ní 107,000 ní Bantè, ó sì bá èyí tó lé ní 144,000 ní Savalou. Àwọn Ìṣà ló pọ̀ jù ní Bantè, àwọn Ifẹ̀ wà ní Tchetti àti Doumè, àwọn Mahi sì wà ní ìlú Savalou àti agbègbè rẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni èdè tí wọ́n fi ń jíròrò ní ibì kọ̀ọ̀kan; èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ ìwé ìnáwó níbi gbogbo.

Tẹ́lẹ̀, sous-préfet tí ìjọba yàn ló ń darí irú àwọn ìlú bẹ́ẹ̀. Ará ìlú kọ́ ló yàn án, kò sì jíyìn fún wọn. Òfin ìpìlẹ̀ tó jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 1990 ló sọ pé kí àwọn ìlú máa ṣàkóso ara wọn nípasẹ̀ ìgbìmọ̀ tí wọ́n bá dìbò yàn. Wọ́n ṣe àpérò lé e lórí ní oṣù Kìíní ọdún 1993, àwọn òfin rẹ̀ jáde ní 1999, ìbò àkọ́kọ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2002. Láti 2003 ni àgbẹ̀, olùkọ́, oníṣòwò àti òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì ti wà nínú ìgbìmọ̀ kọmúnù, tí mẹ́ẹ̀rì sì ń jókòó síwájú wọn. Wọ́n mọ ìlú wọn dáadáa. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò rí ìwé ìnáwó kọmúnù rí kí wọ́n tó wọ ìgbìmọ̀.

Kí a fi kíláàsì mẹ́ta tí a fẹ́ kọ́ ní abúlé kan ní Atokoligbé ṣe àpẹẹrẹ. Iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wà nínú ètò ìdàgbàsókè kọmúnù, ìwé tí wọ́n ń pè ní PDC. Lẹ́yìn náà, ìgbìmọ̀ á fi owó rẹ̀ sínú ìṣirò ọdún náà, préfet, aṣojú ìjọba ní ẹkùn náà, á sì fọwọ́ sí i. Wọ́n á kéde iṣẹ́ náà kí àwọn agbaṣẹ́ṣe lè mú ìwé iye owó wọn wá nínú àpòòwé tí a lẹ̀ pa, wọ́n á ṣí àwọn àpòòwé náà lójú gbogbo àwọn agbaṣẹ́ṣe, wọ́n á yan ẹnìkan, wọ́n á kọ àdéhùn. Nígbà tí òrùlé bá ti wọlé, onímọ̀ iṣẹ́ ilé á wá wò ó bóyá irin àti sìmẹ́ńtì tó wà nínú àdéhùn ló wà nínú ògiri. Ìgbà náà ni ìwé àṣẹ ìsanwó tó jáde. Ẹni tó fọwọ́ sí ìwé àṣẹ yìí kì í san owó. Receveur-percepteur, òṣìṣẹ́ ilé ìṣúra ìjọba, ló ń san án. Òun á wò ó bóyá owó wà fún iṣẹ́ náà lóòótọ́, bóyá ọwọ́ tó tọ́ ló fọwọ́ sí i, bóyá ẹ̀rí wà pé iṣẹ́ ti parí. Bí ìwé kan bá dín, ó dá gbogbo rẹ̀ padà. Bí ìdápadà náà bá ṣẹlẹ̀ ní ìparí ọdún, agbaṣẹ́ṣe á máa dúró de ọdún tó ń bọ̀, àwọn ọmọ á sì máa kàwé lọ lábẹ́ àtíbàbà.

Èyí ni inú kèrègbè. Ẹnu rẹ̀ há, àwọn tó ṣe òfin ló sì mọ̀ọ́mọ̀ mú kó há, kí ọwọ́ tó tóbi má baà kó owó ìlú lọ. Ìlànà pé ẹni tó pàṣẹ owó kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan owó kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá: nínú ẹgbẹ́, alága kì í ṣe akápò, akápò kì í sì í ṣe akọ̀wé. Ohun tó ṣàjèjì ni iye ìwé, àti èdè tí wọ́n fi kọ ọ́. Owó tó ń wọ inú rẹ̀ náà ní òfin tirẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì ọjà wà níbẹ̀, owó orí ìdàgbàsókè tí a ń gbà lórí ohun ọ̀gbìn, bíi kajú, wà níbẹ̀, owó ìjọba orílẹ̀-èdè sì wà níbẹ̀, èyí tó bẹ̀rẹ̀ sí gba inú FADeC, àpò ìrànlọ́wọ́ fún àwọn kọmúnù, wá ní 2008, tí ìlànà rẹ̀ sì ń sọ ohun tí a lè fi ṣe àti ohun tí a kò lè fi ṣe.

Ọwọ́ tó lè wọ ibẹ̀ kì í ṣàdédé wà. Ilé ẹ̀kọ́ ló ń tọ́ ọ. Ní Benin, ENAM, ilé ẹ̀kọ́ ìṣàkóso ti Yunifásítì Abomey-Calavi, ló tọ́ ọ̀pọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba nínú òfin ìṣàkóso àti ìnáwó ìlú. Ní Nàìjíríà, Yunifásítì Ifẹ̀ dá ilé ẹ̀kọ́ ìṣàkóso sílẹ̀ ní 1963. Adébáyọ̀ Adédèjì, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, wà lára àwọn tó darí rẹ̀. Ó ti ṣiṣẹ́ nínú ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ó ti gba oyè kejì nínú ìṣàkóso ìlú ní Harvard, kí ó tó wá máa kọ́ni. Láti ibẹ̀ ló ti di kọmíṣọ́nà ìjọba àpapọ̀ ní 1971, tó sì lọ darí àjọ ọrọ̀-ajé Áfíríkà ti Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè láti 1975 sí 1991. Ládípọ̀ Adámólékún, tó kọ́ni ní Ifẹ̀ bákan náà, ṣe iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ lórí Guinea ti Sékou Touré, ó sì tẹ̀ ẹ́ ní ìwé ní 1976. Irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n: ọmọ Yorùbá láti ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì jọba lé, tó fi ọdún púpọ̀ wo bí ilẹ̀ tí Faransé jọba lé ṣe ń ṣàkóso ara rẹ̀. Àwọn Ìṣà àti Ifẹ̀ tí ààlà pín kúrò lọ́dọ̀ àwọn ìbátan wọn ní Nàìjíríà nílò irú ojú bẹ́ẹ̀ sí i.

Ẹ̀kọ́ ti àwọn àjọ aláìlérè dé lẹ́yìn. Ọdún 1924 ni Yunifásítì Syracuse ní Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ni ní ìṣàkóso ìlú fún oyè máàsítà. Ó di 1983 kí Yunifásítì San Francisco tó dá irú oyè yẹn sílẹ̀ fún ìṣàkóso àjọ aláìlérè nìkan. Ohun tó wà nínú rẹ̀ wúlò fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ONG, àjọ tí kì í ṣe ti ìjọba, ní Savalou: bí ìgbìmọ̀ tó ń darí àjọ ṣe ń bojú tó ọ̀gá òṣìṣẹ́, bí a ṣe ń kọ ìròyìn fún ẹni tó fúnni lówó, àti pé owó tí a gbà fún kànga kò gbọdọ̀ di owó alùpùpù, ìbáà jẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan péré.

Pẹpẹ ńkọ́? Kíláàsì mẹ́ta yẹn nílò ilẹ̀ kí ó tó nílò ìwé. Ilẹ̀ abúlé ní ìdílé tó ni ín, ó sì ní ààlà tí kò sí nínú máàpù kankan. Bàbá kan lè fi ẹnu yọ̀ǹda ilẹ̀ fún ilé ìwé, kí àwọn ọmọ rẹ̀ wá gbà á padà lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ọmọ máàsítà mọ òfin ilẹ̀ tó jáde ní 2013; kò mọ ẹni tó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n yọ̀ǹda ilẹ̀ náà, kò mọ ìyàwó ilé tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè parí ìjà ilẹ̀ náà. Bákan náà ni owó tíkẹ́ẹ̀tì. Ìyá tó ń ta gàrí lọ́jà kì í san án nítorí pé ó wà nínú ìwé òfin. Ó ń san án nígbà tí ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé bá sọ fún un pé òrùlé ọjà tó ń jò yóò di títúnṣe, tó sì rí i pé ó di títúnṣe. Nígbà àjọ̀dún iṣu ní Savalou, ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ, tí àwọn ọmọ ìlú ń ti Cotonou àti ibòmíràn padà wálé, ẹni tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún ló lè mú wọn jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ ìlú. Ìgbẹ́kẹ̀lé, ìrántí ààlà, agbára láti pe ìpàdé kí ènìyàn sì wá: orí pẹpẹ ni gbogbo wọn wà, kò sì sí ìwé ẹ̀rí tó ń gbé wọn fúnni.

Òfin tuntun kan ti wá pín iṣẹ́ náà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá ọdún 2021, òfin ìṣàkóso agbègbè ní Benin gba àṣẹ ìnáwó lọ́wọ́ mẹ́ẹ̀rì, ó sì fi í lé akọ̀wé àgbà lọ́wọ́, ẹni tí wọ́n ń pè ní secrétaire exécutif. Òṣìṣẹ́ tó kàwé ni, kì í ṣe olóṣèlú. Òun ló ń darí àwọn òṣìṣẹ́ kọmúnù, òun ló ń fọwọ́ sí ìwé ìsanwó. Mẹ́ẹ̀rì àti ìgbìmọ̀ ló ń pinnu, wọ́n sì ń bójú tó o. Òfin yìí mọ ẹnu kèrègbè dáadáa: ìdí wà láti má fi ìwé ìsanwó sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń wá ìbò. Ṣùgbọ́n akọ̀wé àgbà tó bá ti ibòmíràn wá sí Bantè, tí kò gbọ́ èdè Ìṣà, lè ṣe gbogbo ìwé rẹ̀ láìní àbùkù, kí iṣẹ́ náà sì dúró nítorí pé kò ránṣẹ́ sí baálẹ̀ kan. Ìjà tó bá wà láàárín òun àti mẹ́ẹ̀rì kì í ṣe èyí tí òfin nìkan lè parí. Bí mẹ́ẹ̀rì bá rò pé wọ́n gba ipò òun lọ́wọ́ òun, kò ní í na ọwọ́ sí pẹpẹ mọ́. Ìyẹn ni ewu tó yẹ kí ilé ẹ̀kọ́ kọ́ àwọn akọ̀wé àgbà láti rí kí ó tó dé.

Àwọn kọmúnù tó ń fi owó òkèèrè ṣiṣẹ́ ti bá irú ewu yìí pàdé tẹ́lẹ̀. Bantè, Savalou, Dassa-Zoumè, Glazoué, Ouèssè àti Savè jọ dá àjọ kan sílẹ̀ fún kọmúnù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, èyí tí wọ́n ń pè ní GIC, wọ́n sì bá ẹkùn Picardie ní Faransé ṣiṣẹ́ pọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Owó láti òkèèrè máa ń ní ọjọ́ ìparí. Nígbà tí ọjọ́ náà bá pé, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ẹ̀rọ omi tàbí ilé ìwòsàn ni yóò kù. Níbi tí akọ̀wé ìgbìmọ̀ náà bá ti kọ́ láti máa kọ iye owó omi sílẹ̀ lójoojúmọ́, tí alága rẹ̀ sì jẹ́ ẹni tí ìlú kò lè parọ́ fún, ẹ̀rọ náà máa ń pẹ́. Bí ọ̀kan bá wà láìsí èkejì, yálà kí owó pòórá, tàbí kí ìwé pé kí ó má sì sí ẹni tó máa san owó omi.

Nítorí náà, ohun tó kù nínú ẹ̀kọ́ máàsítà yìí wà níta yàrá ìkàwé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ ní kọmúnù tàbí ní ONG, wọ́n sì ń kọ mémoire, ìwé ìwádìí wọn, kí wọ́n tó gba oyè. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ń fi wọ́n sídìí kọ̀ǹpútà ní ilé iṣẹ́ mẹ́ẹ̀rì láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Yóò dára jù bí wọ́n bá bá olórí arọ́ńdísímà lọ sí ìpàdé, tí wọ́n jókòó sẹ́yìn, tí wọ́n sì gbọ́ bí ó ṣe ń pẹ̀tù sí onílẹ̀ nínú. Ìwé tí wọ́n bá kọ nípa owó orí kajú ní Bantè kò yẹ kó parí iṣẹ́ rẹ̀ nínú ilé ìkàwé ní Abomey-Calavi. Ìgbìmọ̀ kọmúnù gbọ́dọ̀ rí i, kí ẹni tó kọ ọ́ dúró síwájú àwọn àgbẹ̀ kajú, kí ó sọ ohun tó bá níbẹ̀ fún wọn ní èdè Ìṣà, kí wọ́n sì bi í ní ìbéèrè. Àwọn tó wà nínú ìgbìmọ̀ pẹ̀lú ní ẹ̀kọ́ tiwọn láti kọ́: kí wọ́n lè ka ìwé ìṣirò ọdún tí akọ̀wé àgbà bá gbé síwájú wọn, ìlà dé ìlà, kí wọ́n tó dìbò lé e lórí.