Àdúgbò ní ẹ̀tẹ̀ ló mú Bàbá Ìbejì lọ́wọ́, àṣé kẹ̀kẹ́ ológeere ni!

Ó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí Bàbá Ìbejì ti ń fi nǹkan náà pamọ́ kí ìyàwó ẹ̀ tó rí i. Lọ́jọ́ tí àṣírí tú, tíì ló fẹ́ẹ́ mu láàárọ̀. Bó ṣe gbé kọ́ọ̀pù báyìí, ni kọ́ọ̀pù bá yọ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ó fọ́ yángá. Ìyá Ìbejì ní, “Bàbá Ìbejì, kí ló ṣe yín lọ́wọ́?” Ọkùnrin náà ní kò sí nǹkan. Obìnrin yẹn ò gbà. Ó di ọwọ́ ọ̀tún ọkọ ẹ̀ mú, ó fi èékánná rin ìka tó kéré jù, ọkùnrin náà ò mira. Ó tún rin èyí tó tẹ̀lé e, tí wọ́n ń fi òrùka sí, ó ní òun ń gbọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, àfi bí ẹni pé èèyàn ń fọwọ́ kan òun látòkèèrè.

Búrẹ́dì ni Bàbá Ìbejì ń fi kẹ̀kẹ́ ológeere tà n'Ìbàdàn. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti ń jáde nílé, á lọ kó búrẹ́dì ní bèkárì l'Ápátà, á tò ó sínú àpótí onígi tó dè mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, ó di ọ̀nà Omi-Àdìó nìyẹn. Bó bá débì kan, ọ̀dà ni. Bó bá débì kan, kòtò àti òkúta wẹ́wẹ́. Wákàtí mẹ́rin, ìgbà mìíràn márùn-ún, ló ń lò lórí kẹ̀kẹ́ lójúmọ́. Nígbà tí nǹkan náà kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ó kàn máa ń ṣe é yìnrìn-yìnrìn ni, bí ìgbà tí abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ ń gún èèyàn lọ́wọ́. Tó bá ti sọ̀ kalẹ̀, tó gbọn ọwọ́ nù, ó tán. Nígbà tó yá, á délé tán, á jẹun tán, ọwọ́ ò ní í tíì padà bọ̀ sípò. Nígbà tó tún yá, ó ń bá a jí láàárọ̀. Kò sọ fẹ́nì kan. Ta ni yóò sọ ọ́ fún? Ọkùnrin tó ń ta oúnjẹ tó wá lọ ń sọ káàkiri pé ìka òun ń kú, òun fúnra ẹ̀ ló fẹ́ẹ́ ba ọjà ara ẹ̀ jẹ́.

Àfi ìgbà tí kọ́ọ̀pù fọ́. Ilé tí yàrá kọjú síra wọn ni wọ́n ń gbé, ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ rìn nírú ilé bẹ́ẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, ìyá àgbà tó wà ní yàrá iwájú ti ń sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé ìka kì í kú lásán, pé bí ẹ̀tẹ̀ ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, òun ti rí i lára ẹnì kan nígbà tóun wà lọ́mọdé. Ẹlòmíì ní kì í ṣe ẹ̀tẹ̀, pé wọ́n mú un lọ́wọ́ lójú oorun ni, kí wọ́n lọ wá ewúrẹ́ kan. Àbúrò Ìyá Ìbejì ní àrùn rọpárọsẹ̀ ló ń bọ̀ yẹn. Nínú gbogbo ẹ̀, ti ẹ̀tẹ̀ ló gbilẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Sátidé, búrẹ́dì tó máa ń tán kí aago mẹ́wàá tó lù, ìdajì ẹ̀ ló gbé padà wálé. Àwọn oníbàárà ẹ̀ ò bú u, wọn ò bá a jà, wọ́n kàn ń sọ fún un pé àwọn ti ra tàwọn ni.

Ohun tí kò jẹ́ kéèyàn lè fi gbogbo ẹnu bú ìyá àgbà yẹn ni pé ọ̀rọ̀ ẹ̀ fara jọ òótọ́. Iṣan kan wà tó gba ẹ̀yìn ìgúnpá kọjá. Òun lèèyàn máa ń ṣèèṣì fi gbá igi àga, tí gbogbo ọwọ́ á ta gìrì bí ìgbà tí iná ẹ̀lẹ́tíríìkì bá gbé e. Kì í ṣe iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà o, èyí tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ, tó sì ń gbé àṣẹ ọpọlọ wá fún ọwọ́ ni. Ó ti ìgúnpá sọ̀ kalẹ̀ dé ọrùn ọwọ́, ó gba ìdí àtẹ́lẹwọ́ lápá ibi tí ìka kékeré wà, ó wá pín sí ìka kékeré àti ìdajì ìka òrùka. Iṣan yìí gan-an wà lára àwọn tí ẹ̀tẹ̀ máa ń bá jà jù. Níbi ìgúnpá níbẹ̀, á wú, á le bí okùn, ìka méjèèjì á kú, bó bá sì pẹ́, wọ́n á ká kò bí èékánná àṣá. Iṣan yẹn náà sì ni ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Iṣan kan, ọ̀tá méjì. Ẹni tí kì í ṣe dókítà ò lè dúró lẹ́nu ọ̀nà kó sọ èyí tó jẹ́.

Ìyá Ìbejì ló fi tipátipá mú ọkọ ẹ̀ dé ọsibítù. Dókítà tó bá wọn ṣe é, ọmọbìnrin kan tí kò tíì dàgbà púpọ̀ ni, Bàbá Ìbejì tiẹ̀ kọ́kọ́ rò pé nọ́ọ̀sì ni.

“Bàbá, ẹ kú ìnira. Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?”

“Búrẹ́dì ni mò ń tà, dókítà.”

“Ṣé ẹ ní ṣọ́ọ̀bù ni àbí ẹ ń kiri?”

“Mò ń kiri ni. Kẹ̀kẹ́ ni mo fi ń gbé e.”

Dókítà mi orí, ó ní kó bọ́ ẹ̀wù. Ó wo ẹ̀yìn ẹ̀, ó wo apá, ó wo ìdí etí, ó ń wá ojú ara tó bá ṣì, tí kò gbọ́ ìfọwọ́kàn. Kò rí ọ̀kan. Ó fọwọ́ tẹ ẹ̀yìn ìgúnpá méjèèjì, bóyá iṣan ibẹ̀ wú. Kò wú. Ó wá mú abẹ́rẹ́, ó ń rọra fi gún ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀. Iwájú ìka kékeré, kò gbọ́. Ẹ̀yìn ọwọ́ lápá ibẹ̀ kan náà, ó gbọ́ ọ dáadáa, ó tiẹ̀ fa ọwọ́ yọ. Níbi tí ọ̀rọ̀ ti yanjú nìyẹn. Ẹ̀ka iṣan tó ń lọ sí ẹ̀yìn ọwọ́ ti yà kúrò kí iyèkan ẹ̀ tó dé ọrùn ọwọ́. Ká ní ìgúnpá ni ìjà náà wà, ìyẹn ibi tí ẹ̀tẹ̀ máa ń jà sí, ẹ̀yìn ọwọ́ ì bá kú pẹ̀lú. Bí ẹ̀yìn bá ń gbọ́ tí iwájú ò gbọ́, a jẹ́ pé ìsàlẹ̀ nílẹ̀ níbẹ̀, nínú àtẹ́lẹwọ́, ni nǹkan ti ń tẹ̀ ẹ́.

Ó tún ku àyẹ̀wò kan. Dókítà mú ìwé ìròyìn tó wà lórí tábìlì, ó fa ewé kan ya, ó ní kí Bàbá Ìbejì fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá di etí ẹ̀ mú, kó má jẹ́ kóun rí i gbà. Tọwọ́ òsì, ó dì í mú gírígírí, àtàǹpàkò nà gbọọrọ. Tọwọ́ ọ̀tún, bí dókítà ṣe fa bébà báyìí, ni àtàǹpàkò ká kò lóríkèé bí ìwọ̀. Ẹran ọwọ́ tó yẹ kó fún un lágbára ti rẹ̀, ló bá lọ ń yá agbára lọ́dọ̀ ẹlòmíì. Jules Froment, dókítà ará Faransé, ló kọ nípa àyẹ̀wò yìí ní 1915, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, wọ́n sì ń lò ó títí dòní. Ẹni tí ọwọ́ ń ṣe yìnrìn-yìnrìn, tó mú ìwé yìí dání, ṣé kò lè dán an wò báyìí?

Ihò tóóró tí iṣan náà ń gbà kọjá nídìí àtẹ́lẹwọ́, ará Faransé mìíràn, Félix Guyon, oníṣẹ́ abẹ, ló ṣàpèjúwe ẹ̀ ní 1861. Orúkọ ẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é. Kẹ̀kẹ́ oníṣéènì irú tiwa yìí ò tíì dáyé nígbà náà. Egungun kékeré kan wà lọ́tùn-ún ihò yìí, ọ̀kan wà lósì, ẹran tó bò ó lókè ò sì nípọn. Bí èèyàn bá wá gbé gbogbo òkè ara ẹ̀ lé irin lórí ibẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin, tí ọrùn ọwọ́ tẹ̀ sẹ́yìn, tí ọ̀nà sì ń gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì, ẹ̀jẹ̀ ò ní í ráàyè dé ara iṣan náà dáadáa. Á kọ́kọ́ máa ta, lẹ́yìn náà á kú, bí wọn ò bá wá nǹkan ṣe sí i, ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ, ẹran tó wà láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá á máa jìn wọlé.

Kì í ṣe ẹni tó ń kiri búrẹ́dì nìkan ni o. Ní 2003, àwọn oníṣègùn kan l'Ámẹ́ríkà gbé àbájáde ìwádìí jáde. Èèyàn 25 ni wọ́n yẹ ọwọ́ wọn wò kí wọ́n tó fi kẹ̀kẹ́ rin ìrìn 600 kìlómítà, wọ́n sì tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ẹ̀. Nínú àwọn 25 yẹn, 23 ni ọwọ́ wọn kú tàbí tó rọ. Kẹ̀kẹ́ olówó ńlá ni wọ́n sì ń gùn o! Àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ sáré láti ìtòsí Paris lọ sí Roubaix ní Faransé, ìdíje tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ láti 1896, wọ́n máa ń wé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ wọn nípọn ju ti ìdíje mìíràn lọ, torí ọ̀nà olókùúta tó wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ wa tó ń fi kẹ̀kẹ́ gbé oúnjẹ kiri ní Lọ́ńdọ̀nù náà wà nínú ẹ̀, ọlọ́kadà sì ní tiẹ̀ lọ́tọ̀, nítorí ẹ́ńjìnnì tó ń gbọ̀n lábẹ́ ẹ̀.

Bó bá jẹ́ àtàǹpàkò, ìka ìfábẹ̀lá àti ti àárín ló ń kú, iṣan kejì nìyẹn, èyí tó gba àárín ọrùn ọwọ́ kọjá. Kẹ̀kẹ́ ń ṣe ìyẹn náà. Àwọn aránṣọ àti aláboyún mọ̀ ọ́n dáadáa.

Oògùn tí dókítà kọ ò tó nǹkan. Ó ní kí Bàbá Ìbejì sinmi kẹ̀kẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kó gbé kẹ̀kẹ́ náà lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe. Bàbá Ìbejì rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Wọ́n rán an lọ sí ọsibítù, ọsibítù rán an lọ sọ́dọ̀ oníkẹ̀kẹ́!

Oníkẹ̀kẹ́ náà ò pẹ́ rí i. Ó gbé ọwọ́ lé ìjókòó, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo imú ìjókòó yín, ó dojú bolẹ̀.” Ẹni tó bá jókòó sórí irú ẹ̀, ńṣe lá máa yọ̀ lọ síwájú, ọwọ́ lá sì máa fi dá ara ẹ̀ dúró látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Oníkẹ̀kẹ́ mú sípánà, ó tú nọ́ọ̀tì, ó jẹ́ kí ìjókòó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ rẹlẹ̀ ju ìjókòó lọ, ó fà á sókè. Rọ́bà tó yẹ kó wà lẹ́nu ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ti já lápá ọ̀tún, irin lásán ni Bàbá Ìbejì ń dì mú láti bí ọdún kan. Fóòmù àti tíúbù àtijọ́ ni oníkẹ̀kẹ́ fi wé e, ó nípọn dáadáa. Ó tẹ táyà, ó ní, “Òkúta lẹ fa atẹ́gùn sí yìí?” Ó tú díẹ̀ dànù níwájú, torí ẹ̀yìn lẹrù wà, ìyẹn ò ṣeé dín kù púpọ̀.

Èyí tó kù, ọwọ́ Bàbá Ìbejì ló wà. Kó má di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú bí ẹni ń fún aṣọ. Kó jẹ́ kí ìgúnpá rọ̀ díẹ̀, kí ọrùn ọwọ́ wà ní títọ́, kó má tẹ̀ sẹ́yìn. Kó máa sún ọwọ́ kúrò lójú kan lóòrèkóòrè, kó gbé ọ̀kan sókè kó gbọ̀n ọ́n tí ọ̀nà bá tẹ́jú. Ìbọ̀wọ́ tó ní tìmùtìmù lójú àtẹ́lẹwọ́ náà dáa. Ìwádìí kan tó jáde ní 2011 fi hàn pé irú ẹ̀ lè fi 10 sí 28 nínú 100 dín ohun tó ń tẹ iṣan náà kù. Àmọ́ ìbọ̀wọ́ lórí kẹ̀kẹ́ tí ìjókòó ẹ̀ dojú bolẹ̀, owó ìnákúnàá ni.

Kò wá ní í jẹ́ pé gbogbo ọwọ́ tó bá ti kú, kẹ̀kẹ́ ni wọ́n á dá lẹ́bi. Bó bá ṣàdédé mú apá kan ara, tí ẹnu ń wọ́, tí ọ̀rọ̀ ò já gaara, rọpárọsẹ̀ nìyẹn, ọsibítù lójú ẹsẹ̀ ni, kì í ṣe ọ̀dọ̀ oníkẹ̀kẹ́. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ méjèèjì ló kọ́kọ́ ń ta, kí wọ́n yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò. Bí ojú ara bá ṣì tí kò gbọ́ abẹ́rẹ́, ìyẹn lè jẹ́ ẹ̀tẹ̀ lóòótọ́, ẹ̀tẹ̀ sì ní oògùn tó ń wò ó sàn pátápátá. Láti 1995 ni àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ti rí sí i pé ọ̀fẹ́ ni oògùn náà. Ká ní òun gan-an ló tiẹ̀ mú Bàbá Ìbejì, kò sídìí tó fi yẹ kéèyàn máa sá fún un lẹ́nu ọ̀nà bẹ́ẹ̀.

Iṣan tó bá fara pa gidi kì í yára sàn, bíi mìlímítà kan lójúmọ́ ló fi ń hù padà. Ìka òrùka Bàbá Ìbejì ti padà bọ̀ sípò kí oṣù kejì tó parí. Ìka kékeré ṣì ń ta á lálẹ́, àmọ́ ó ti ń di bébà mú. Ó ti padà sọ́nà Omi-Àdìó, búrẹ́dì ń tán. Ìyá àgbà yàrá iwájú náà ti ń rà á, àmọ́ Ìyá Ìbejì ló máa ń ní kó bá òun mú un wá.