Owó Kékeré Lọ́wọ́ Ẹni tí Ń Ta Tẹ́tẹ́

Àgbẹ̀ tí ó bá se èbù iṣu rẹ̀ jẹ, ebi àmọ́dún ni ó ń ránṣẹ́ pè. Kò sí ọmọ Ìkálẹ̀ tí kò mọ èyí. Ní Igbotako níbí, ìyá tí ń ta púpurú mọ iye tí ó jẹ́ ojú-owó rẹ̀, ó sì mọ iye tí ó jẹ́ èrè. Inú èrè ni yóò ti mú owó ọbẹ̀. Kò ní fọwọ́ kan ojú-owó. Ohun tí ó mú mi kọ ọ̀rọ̀ yìí ni pé mo rí i pé àwọn ọ̀dọ́ wa ń gbé irú ọgbọ́n yìí lọ sí ibi tí kò ti lè gbà wọ́n, èyíinì ni ìdí tẹ́tẹ́ orí fóònù.

Tẹ́tẹ́ kì í ṣe àjòjì ní ilẹ̀ wa. Kí fóònù tó dé, àwọn baba wa ti ń kọ nọ́ḿbà sínú ìwé púùlù lórí bọ́ọ̀lù tí a ń gbá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ìsọ̀ onípúùlù ní àkókò tí a ń tì í. Lónìí, inú àpò ṣòkòtò ni ìsọ̀ náà wà, ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í sì í tì lóru. Ọ̀kan nínú àwọn tẹ́tẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni pókà, eré káàdì tí ó gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Àwọn tí ń ta á a máa fi owó lé káàdì ọwọ́ wọn. Ẹni tí káàdì rẹ̀ bá dára jù, tàbí ẹni tí ó bá dẹ́rù ba àwọn yòókù títí wọ́n fi jọ̀wọ́, ni yóò kó owó náà. Èmi kò ní sọ pé kò sí ọgbọ́n nínú rẹ̀. Ó wà. Èyí gan-an ni ó sì léwu, nítorí ọmọ tí ó mọ ìṣirò yóò máa rò pé ìṣirò òun lè sọ tẹ́tẹ́ di iṣẹ́.

Àwọn tí ó mọ eré náà dunjú ti ṣe òfin fún ẹni tí owó rẹ̀ kéré. Ọ̀kan nínú wọn ni Chris Ferguson, ará Amẹ́ríkà, tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Ní ọdún 2006, ó bẹ̀rẹ̀ láìní kọ́bọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Inú eré ọ̀fẹ́ ni ó ti kọ́kọ́ rí dọ́là kan tàbí méjì, ó sì ń pàdánù wọn. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù, owó náà di dọ́là 10,000. Òfin rẹ̀ kò le: kò gbọdọ̀ gbé ju márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀ lọ sórí tábìlì kan. Bí owó bá sì dínkù, yóò sọ̀ kalẹ̀ lọ bá àwọn tí ń ta owó kékeré.

Ẹ jẹ́ kí a fi náírà ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni tí ó ní ₦10,000 yóò máa gbé ₦500 lọ lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá pàdánù lẹ́ẹ̀mẹ́ta, púpọ̀ ṣì kù. Ẹni tí ó bá gbé ₦5,000, tí ó sì pàdánù, yóò ní láti sọ èyí tí ó kù di ìlọ́po méjì kí ó tó padà sí ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan sì gbàgbọ́ pé kí ènìyàn máa ta ìlọ́po méjì nígbàkúùgbà tí ó bá pàdánù. Ẹ fi ìwé àti pẹ́ńsù ṣe é wò: ₦100, ₦200, ₦400, ₦800, ₦1,600, ₦3,200. Ní ìgbà mẹ́fà péré, ₦6,300 ti lọ. Ìgbà keje ń bèèrè ₦6,400, bẹ́ẹ̀ ni ₦3,700 ni ó ṣẹ́kù. Ẹni tí ń sá fún òjò ti kó sínú odò.

Òfin náà dára, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò pọ̀. Ó lè mú kí owó pẹ́ lọ́wọ́ ẹni. Kò lè sọ ẹni tí kò mọ eré di ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Owó tí ẹnì kan jẹ, àpò ẹlòmíràn ni ó ti wá. Ilé-iṣẹ́ tí ó ni tábìlì sì dúró bí oníbodè, ó ń bu tirẹ̀, ẹni yòówù tí ì báà jẹ. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá gbé ₦1,000 kọ̀ọ̀kan wá, tí oníbodè sì gba ₦500, ₦9,500 ni gbogbo wọn yóò pín lọ sílé.

Ewu mìíràn tún wà. Orí tábìlì Full Tilt Poker ni Ferguson ti ṣe iṣẹ́ ìyanu rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì wà lára àwọn olùdarí ilé-iṣẹ́ náà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2011, ìjọba Amẹ́ríkà gba ojú òpó íńtánẹ́ẹ̀tì wọn, ó sì wá hàn pé owó tí ó wà nílẹ̀ kò tó san fún àwọn oníbàárà. Ọdún 2014 ni owó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí padà sọ́wọ́ àwọn tí ó wà ní Amẹ́ríkà. Ẹni tí ó pa òfin mọ́ àti ẹni tí ń ta á bí ó ti wù ú, àwọn méjèèjì ni ó jùmọ̀ dúró, nítorí ọwọ́ ẹlòmíràn ni owó wọn wà.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì mi tí ó mọ ìṣirò ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ó mọ òfin yìí lórí. ₦5,000 tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún un nígbà ọdún Kérésìmesì ni ó fi bẹ̀rẹ̀, ó sì ń ta ₦250, ₦250, gẹ́gẹ́ bí òfin. Nígbà tí owó náà tán, owó ìdánwò WAEC tí ìyá rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́ wà nínú fóònù kan náà. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bí owó òun ti pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìdá ogún rẹ̀ pọ̀ sí i. Ìṣirò rẹ̀ kò ṣì rárá. Ibi tí ó ti mú owó ni ó ṣì. Kí oṣù tó parí, owó ìdánwò ti lọ.

Ìyá rẹ̀ ti ra epo pupa pamọ́ nígbà tí epo pọ̀, ó ń retí ìgbà tí yóò wọ́n. Ó ta kẹ́ẹ̀gì méjì láìtọ́jọ́, kí orúkọ ọmọ rẹ̀ má baà yọ kúrò nínú àwọn tí yóò ṣe ìdánwò. Ọmọ náà ṣe ìdánwò, ṣùgbọ́n èrè tí ìyá rẹ̀ ń retí kò padà wá.

Ẹnì kan lè wí pé ìyá náà pàápàá ń ta tẹ́tẹ́, nítorí ó ra epo láìmọ iye tí yóò tà á. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí epo kò bá tilẹ̀ wọ́n, ó ṣì wà nínú kẹ́ẹ̀gì. A lè tà á, a lè fi se ọbẹ̀. Náírà tí ó bá ṣègbé lórí tábìlì pókà kì í fi nǹkan kan sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ìkòkò.

Ní èrò tèmi, ìdá ogún kọ́ ni gbòǹgbò òfin náà. Gbòǹgbò rẹ̀ ni ògiri tí ó wà láàárín owó eré àti owó tí a fi ń gbé ayé. Àgbàlagbà tí ó ti bọ́ ọmọ, tí ó ti san gbèsè, tí ó wá ya díẹ̀ sọ́tọ̀ tí kò ní sunkún bí ó bá lọ, lè mọ irú ògiri bẹ́ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kò lè mọ ọ́n. Owó ọwọ́ rẹ̀, owó ìwé ni, owó oúnjẹ ni, owó ìdánwò ni. Òógùn ẹlòmíràn ni. Àwọn ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ pàápàá a máa kọ ọ́ síta pé ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 kò gbọdọ̀ ta.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kọ́ ìṣirò náà, nítorí yóò wúlò fún yín lọ́jọ́ tí ẹ bá ní oko tàbí ìsọ̀ tiyín. Ẹ má ṣe kó gbogbo owó lé òwò kan, ẹ má ṣe fi ìbínú lé owó tí ó ti sọnù, ẹ má sì jẹ ojú-owó. Ṣùgbọ́n èbù tiyín ni kí ẹ fi kọ́ ọ, kì í ṣe èbù tí ìyá yín tọ́jú pamọ́.