Ẹ̀rù Fóònù Ba Olùkọ́ Pẹ̀lú

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo máa ń sọ fún yín pé kí ẹ má bẹ̀rù ẹfun ìkọ̀wé, fóònù ló dẹ́rù bà mí.

Ní ọdún 2020, àrùn kòrónà dé. Ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ti ilé ìwé láti ọjọ́ 30 oṣù kẹta títí di ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún. Ní gbogbo ayé, àjọ UNESCO ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà nílé ju bílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ lọ. Àwa olùkọ́ àgbà náà ti ilẹ̀kùn wa. Wọ́n ní kí a máa fi fóònù kọ́ni.

Ọjọ́ kan péré ni wọ́n fi kọ́ wa. Ẹni tí ó kọ́ wa ń sọ Faransé wàràwàrà, ìka rẹ̀ ń sáré lójú fóònù. Mo ń mi orí bí alángbá. Nígbà tí mo délé, mo sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pé ìpè kì í wọlé láàrin òkè wa. Irọ́ kọ́ pátápátá. Òkè 41 tí wọ́n ń kà mọ́ Ìdáàṣà wa yìí, àpáta máa ń dí ìpè. Ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí ó ti ń wọlé. Òkè ni mo fi bo ẹ̀rù mi.

Kí ni mo ń bẹ̀rù? Ìtìjú ni. N kò fẹ́ kí ọmọdé rí olùkọ́ tí ń tẹ ohun tí kò yẹ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn ìyá wa ṣe ń fi ẹfun pamọ́ sẹ́yìn ní alẹ́ àkọ́kọ́.

Ìyá kan tí ń ta gàrí wà láàrin wa. Ọmọ ọmọ rẹ̀ fi ibi tí a ń tẹ̀ sọ̀rọ̀ hàn án. Ó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi: "Olùkọ́, ẹ̀kọ́ wa ńkọ́? Mo ti fẹ́ gbàgbé bí a ṣe ń kọ orúkọ mi." Ojú tì mí. Mo pe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún méjìlá, mo ní kí ó wá kọ́ mi. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó kọ́ mi ní ohun kan ṣoṣo lójúmọ́. Mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé bí ẹ̀yin náà ti ń ṣe.

Lójú tèmi, ohùn ló dára jù fún èdè wa. Mo ya fọ́tò pátákó, mo sì fi ohùn ka ohun tí mo kọ síbẹ̀. Fídíò ń jẹ mégà jù, ta ni yóò san án? Lẹ́tà sì ní wàhálà tirẹ̀. Ìwé Bẹ̀nẹ̀ ń kọ ɛ àti ɔ, ti Nàìjíríà ń fi àmì sí ìsàlẹ̀, fóònù mi kò sì ní ìkankan nínú méjèèjì. Mo kọ "oko" ránṣẹ́. Bàbá kan bi mí bóyá oko ni, tàbí ọkọ, tàbí ọkọ́, tàbí ọkọ̀. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó mọ̀ pé a lè fi lẹ́tà Yorùbá kún ti fóònù.

Fóònù kò lè di ọwọ́ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mú kálàmù mú. Nítorí náà, kíláàsì alẹ́ wa kò gbọdọ̀ parẹ́. Àkókò ìgbìn àti ìkórè ni fóònù wúlò, àti fún àwọn tí wọ́n lọ ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ kí olùkọ́ fi í kọ́ni, kí ó fún un ní oṣù kan, ní èdè rẹ̀, lọ́dọ̀ ẹni tí kò kánjú. Ọjọ́ kan kò tó.

Ìyá oníkàrí wa ń ná ọjà Glazoué ní gbogbo ọjọ́rú. Bí ó bá dé lálẹ́, ó máa ń ya fọ́tò ìwé ìṣirò rẹ̀ ránṣẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fi ohùn sọ fún un pé àròpọ̀ rẹ̀ kò pé. Ó dá mi lóhùn pé, "Olùkọ́, ẹ tún un kà." Mo tún un kà. Tirẹ̀ ló tọ̀nà.