Ilé Ẹmu Kì Í Ṣe Ilé Ọ̀lẹ

Ohun tó wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn ní Ọ̀rẹ̀ àti Odìgbò ni pé àgbẹ̀ tó bá ń jókòó nílé ẹmu, ọ̀lẹ ni. Àwọn ìyá tiẹ̀ fi ń kìlọ̀ fún ọmọbìnrin wọn tó ń wá ọkọ. Irọ́ ni.

Ẹ wo iṣẹ́ náà ná. Kílẹ̀ tó mọ́, adẹ́mu ti fi igbà gba ara rẹ̀ mọ́ ọ̀pẹ, ó ti dókè, ó ń da ohun tó ro sínú agbè lóru sínú kẹ́ẹ̀gì. Láàárọ̀, ẹmu náà dùn. Ṣùgbọ́n ìwúkàrà inú rẹ̀ kì í sinmi: láàárín wákàtí mélòó kan, ṣúgà ti ń di ọtí, ìfófó ti ń yọ lẹ́nu kẹ́ẹ̀gì, tó bá fi máa dọjọ́ kejì, ó ti kan. Ẹmu ò ṣeé tò sí ṣọ́ọ̀bù bíi bíà. Bí wọn ò bá mu ún lọ́jọ́ náà, òfò dé bá adẹ́mu. Ìdí tí èèyàn fi ń péjọ sídìí rẹ̀ nírọ̀lẹ́ nìyẹn.

Ta ló ń péjọ? Ẹni tó ti ń ro oko kòkó láti òwúrọ̀ ni. Ẹrẹ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, àdá rẹ̀ wà lábẹ́ bẹ́ǹṣì. Ibẹ̀ ló ti ń bá alágbàṣe dúnàádúrà iṣẹ́ ọ̀la, ibẹ̀ ló ti ń gbọ́ iye tí wọ́n ń ra kòkó, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń parí ìjà ààlà oko. Ọ̀mùtí wà, mi ò jiyàn. Ọ̀mùtí wà ní òtẹ́ẹ̀lì náà.

Ẹ̀sùn yìí ò tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Láyé 1640 sí 1660, nílùú Haarlem ní Nẹ́dálándì, ayàwòrán kan, Adriaen van Ostade, ń ya àgbẹ̀ nílé ọtí sára awo bàbà, wọ́n á fi yíǹkì kùn ún, wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ sórí bébà lọ́pọ̀ ẹ̀dà. Ará ìlú ni òun fúnra rẹ̀, kì í ṣe ará oko, títí tó fi kú ní 1685. Síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan náà ló ya ìdílé àgbẹ̀ tó ń gbàdúrà kí wọ́n tó jẹun, ní 1653. Ẹni tó bá rí àwòrán ilé ọtí nìkan á ní ọ̀mùtí ni gbogbo wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń fi mọ́tò kọjá lọ́dọ̀ wa láti Èkó lọ sí Bìní: ìrọ̀lẹ́ ló bá wa, kò sí níbẹ̀ nígbà tí à ń ṣán igbó.

Àwọn tó ń bú ẹmu yìí náà ló ń ru ṣìnáàpù lọ sílé àna, tí wọ́n ń fi gbàdúrà. Bí ọtí tó kọ́kọ́ ti Schiedam ní Nẹ́dálándì wá bá níyì níwájú àna, èyí tí ọmọ Odìgbò gun ọ̀pẹ kó tó rí kò yẹ lóhun tí à ń fi bú ọmọlúàbí.