Kì í ṣe òjò ló ń ba gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì jẹ́, ẹ bi wọ́n léèrè aago

Ẹ lọ sídìí ATM ìlú kékeré kan lọ́jọ́ tí kò bá ṣiṣẹ́. Ìdáhùn tí ẹ máa gbọ́ kì í ju méjì lọ: "kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì" àbí "òjò ni". Mi ò ní irọ́ ni nígbà gbogbo o. Òjò ńlá máa ń dí àmì sátẹ́láìtì lọ́nà lóòótọ́. Àmọ́ tí ojú ọ̀run bá mọ́, tí díìsì kò yẹ̀, tí iná ara módẹ́ẹ̀mù ń tàn dáadáa, síbẹ̀ tí ìpè ń dún "tá, tá" létí, tí owó kò jáde, ohun tí èmi máa kọ́kọ́ béèrè ni pé: aago ta ni ẹ ń lò?

Ọ̀rọ̀ náà kò le. Ọ̀nà ìpè tí wọ́n ń pè ní E1, tí àwọn iléeṣẹ́ tẹlifóònù ti ń lò tipẹ́, dà bíi bọ́ọ̀sì oníjókòó 32. Wọ́n ń ka ìjókòó láti 0. Ìjókòó 0 ni ti dírẹ́bà, òun ni wọ́n fi ń mọ ibi tí bọ́ọ̀sì ti bẹ̀rẹ̀. Ìjókòó 16 sábà máa ń jẹ́ ti kọ̀ńdọ́kítọ̀, tó ń sọ ẹni tó fẹ́ wọlé àti ẹni tó fẹ́ bọ́ sílẹ̀. Ọgbọ̀n tó kù jẹ́ ti èrò, ìjókòó kan fún ìpè kan. Ìgbà 8,000 ni bọ́ọ̀sì yìí ń kúrò ní gáréèjì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo.

Tí gáréèjì tó ń rán bọ́ọ̀sì bá wá ń lo aago tiẹ̀, tí èyí tó ń gbà á náà ń lo tiẹ̀ ńkọ́? Ìlànà àgbáyé gbà kí aago E1 fi 50 nínú mílíọ̀nù kan yẹ̀. Ó kéré lójú, àbí? Tí aago méjì bá fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra, odidi bọ́ọ̀sì kan á máa sọnù, tàbí kí wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì, ní bíi ìṣẹ́jú àáyá méjì àbọ̀ síra wọn. Ẹni tó ń fi fóònù sọ̀rọ̀ á kàn gbọ́ "tá". Dátà ATM kò ní irú sùúrù yẹn. Ọ̀rọ̀ á bàjẹ́, ẹ̀rọ á tún un fi ránṣẹ́, títí àkókò á fi tán.

Sátẹ́láìtì tún wá fi tiẹ̀ kún un. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ó dúró sójú kan ní 35,786 kìlómítà lókè níbẹ̀. Kò dúró gan-an. Ó ń lọ, ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ èèkàn. Tó bá ń sún mọ́ wa, àmì á máa tètè dé. Tó bá ń jìnnà, á máa pẹ́. Ìdí nìyí tí módẹ́ẹ̀mù fi ní ibi ìpamọ́ kékeré tí wọ́n ń pè ní buffer, tó ń gba ìyàtọ̀ yẹn mọ́ra. Ẹni tó bá ṣe é kéré jù ti ra wàhálà tó lè máa yọjú lójoojúmọ́, nírọ̀lẹ́ nírọ̀lẹ́. Wọ́n á sì pè é ní òjò!

Ọ̀rọ̀ ìjókòó náà wà níbẹ̀. E1 kan láti Èkó lè gbé ìpè ìlú mẹ́ta. Ìlú kọ̀ọ̀kan á mú ìjókòó tiẹ̀. Tí Èkó bá kọ 1 sí 10 fún ìlú kan, tí ẹni tó wà lọ́hùn-ún kọ 2 sí 11, iná á ṣì máa tàn, módẹ́ẹ̀mù ò ní pariwo, àmọ́ ohùn á wọ etí ẹni tí wọn ò pè.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé àtúnṣe aago kì í sábà náni lówó. Kí ẹ̀gbẹ́ kan jẹ́ olórí, ó parí. Èkó á fi aago tiẹ̀ ránṣẹ́. Módẹ́ẹ̀mù ìlú kékeré á yọ aago lára àmì tó gbà, á sì fi ìyẹn náà rán tiẹ̀ padà. Láyé NITEL, tí ìpè òkèèrè ń gba ibùdó Lánlátẹ̀ ní Ìbàràpá, iṣẹ́ òòjọ́ ni irú ìmọ̀ yìí. Lónìí, a ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí wọ́n ṣe ń ri díìsì mọ́lẹ̀, a kì í kọ́ wọn ní aago.

Ẹ máa ní ayé E1 ti ń lọ, Starlink ti dé láti 2023. Mo gbà. Ṣùgbọ́n àwọn òpó 4G àti 5G tó ń fi ìgbì kan náà gbà tó tún fi ń ránṣẹ́ gbọ́dọ̀ bára wọn mu láàárín ìdá mẹ́ta nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọ̀dọ̀ GPS, tó jẹ́ ti ìjọba Amẹ́ríkà, ni ọ̀pọ̀ òpó ti ń gba aago yẹn. Tí ẹnì kan bá dí àmì GPS lọ́nà, wákàtí mélòó ni òpó àdúgbò yín lè fi dá aago mú? Iléeṣẹ́ tó ń gba owó dátà lọ́wọ́ yín mọ ìdáhùn, tàbí kó yẹ kó mọ̀ ọ́n.

Àjọ NCC máa ń béèrè iye ìpè tó já lọ́wọ́ wọn. Mo fẹ́ kí wọ́n fi ìlà kan kún fọ́ọ̀mù yẹn: ẹ̀ẹ̀melòó ni aago yẹ̀ lóṣù yìí, níbo sì ni?