Oyè Onesimus Dà?

Ní ọdún 1726, Royal Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní London, gba Zabdiel Boylston, oníṣègùn ìlú Boston, ní ọmọ ẹgbẹ́. Wọ́n fi yẹ́ ẹ sí nítorí pé, nígbà tí ìgbóná jà ní Boston ní ọdún 1721 (ẹ mọ ìdí tí n kò fi pe orúkọ rẹ̀ gan-an), ó sín ènìyàn tí ó lé ní 240 ní gbẹ́rẹ́ àrùn náà, mẹ́fà péré ni ó kú. Nínú àwọn tí àrùn náà ṣàdédé mú, ẹnì kan nínú méje ni ó ń kú.

Mo gbà pé ó gbóyà. Ọmọ bíbí inú rẹ̀ wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ sín.

Ṣùgbọ́n ibo ni ìmọ̀ náà ti wá? Onesimus, ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú, ni ó ṣàlàyé fún olówó rẹ̀, Cotton Mather, pásítọ̀, bí wọ́n ti ń sín gbẹ́rẹ́, tí wọ́n sì ń kán omi ara aláìsàn sí i. Ó fi àpá ọwọ́ tirẹ̀ hàn án. Mather ni ó sọ fún Boylston. N kò pe Onesimus ní Yorùbá, ẹ̀rí kò sí. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa ni gbẹ́rẹ́ ṣàjèjì sí?

Ní ọdún 1716 tí Mather kọ̀wé ọ̀rọ̀ yìí sí London, Onesimus ń san owó láti ra ara rẹ̀ padà, wọn kò sì dá a sílẹ̀ tán. Ẹ̀yin tí ẹ ń pín oyè ìlera, ibo ni ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí?