Ẹ̀RỌ AṢETÍ-TÍTÌ KỌ́ NI Ọ̀TÁ WA

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lè má dùn mọ́ àwọn kan nínú. Ní gbogbo ibi tí àwọn bíríkìlà ọmọ Yorùbá bá kóra jọ sí ní Kaduna níbí, igbe kan náà ni wọ́n ń ké: kí ẹgbẹ́ kọ̀wé sí ìjọba pé kí wọ́n lé ẹ̀rọ tó ń fi kọnkéré ṣe etí títì lọ, nítorí ó gba oúnjẹ lẹ́nu wọn. Èmi kò ní fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí a ń bá jà. Ní Iowa, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi irú ẹ̀rọ yìí ṣe títì ní 1949. Ẹ̀rọ náà gbé móòdù rẹ̀ sára, ó ń rìn díẹ̀díẹ̀ lórí ẹsẹ̀ onírin bíi ti katapílà, okùn tí wọ́n ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ni ó sì ń tẹ̀ lé. Ọkọ̀ apo-kọnkéré á da kọnkéré sí i lẹ́nu, ẹ̀rọ á gbọ̀n ọ́n títí yóò fi kì, etí títì á sì máa jáde lẹ́yìn rẹ̀ gbọọrọ, láìsí pákó kankan tó gbá a mú. Bí omi bá pọ̀ jù nínú kọnkéré náà, yóò wó. Bí ó bá gbẹ jù, ojú rẹ̀ yóò ya.

Òótọ́ ni pé ẹ̀rọ kan ń ṣe iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní tiwa dára jù, kí ó lọ wo etí títì àdúgbò rẹ̀, kí ó ka iye èyí tí táyà tírélà ti tì sínú gọ́tà. Símẹ́ńtì tí a ń dín kù ló fà á. Ẹ má bínú sí mi.

N kò sọ pé ẹ̀rọ kì í ṣàṣìṣe o. Bí okùn bá tẹ̀, etí títì yóò tẹ̀. Bí wọ́n bá gbàgbé ojú omi, odi gbọọrọ ni wọ́n mọ, òjò yóò sì dúró sójú títì. Ta ni yóò ta okùn náà? Ta ni yóò fi ọwọ́ tún ojú rẹ̀ rà, ta ni yóò gé e ní ìpín-ìpín kí ó tó fúnra rẹ̀ sán? Ènìyàn náà ni. Àwọn tí agbaṣẹ́ṣe kó wá láti ibòmíràn ló ń ṣe é, tí àwọn ọmọ wa ń wòran.

Títì kọnkéré sì ń bọ̀. Láti 2023 ni iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí iṣẹ́ òde ti ń polongo rẹ̀. Òun ni wọ́n ń lò lójú ọ̀nà etíkun láti Èkó dé Calabar, tó tó 700 kìlómítà, àti láti Sokoto dé Badagry, tó lé ní 1,000. Ṣé lẹ́tà wa ló máa dá a dúró?

Owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ tí ẹgbẹ́ ń fún àwọn tó ń kọ́ òfin àti ìṣírò owó, ẹ jẹ́ kí a yọ díẹ̀ níbẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ yìí. Kí a sì kọ̀wé sí agbaṣẹ́ṣe pé kí ó gba márùn-ún nínú àwọn ọmọ wa. Bàbá kan bi mí ní ìpàdé pé ọmọ ta ni yóò máa bá ẹ̀rọ rìn nínú oòrùn. Mo ní, ‘Bàbá, ta ló ń ti báàrò nínú oòrùn báyìí?’ Ìwé ìforúkọsílẹ̀ ti wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Orúkọ ọmọ tèmi ni mo fi ṣáájú.